Túnjí Oyèlànà, orin, àti ọmọ awo tó gbé iyẹ̀rẹ̀ lọ sí sítúdíò

Mo kí ẹ̀yin oníṣẹ̀ṣe nílé lóko. Mo kí ẹ̀yin tí ẹ kò bọ òrìṣà kankan ṣùgbọ́n tí ẹ fẹ́ràn àṣà àwọn baba yín. Mo sì kí ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ìwé yìí ní kọ̀rọ̀ kí pásítọ̀ tàbí àáfà yín má baà rí yín. Mo mọ̀ yín, ẹ̀yin náà mọ ara yín. Ọ̀rúnmìlà á gbè gbogbo wa.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ṣèlérí pé a ó parí ọ̀rọ̀ tí a ń bá bọ̀ lórí àkọsẹ̀jayé. Ẹ forí jì mí. Ọ̀rọ̀ mìíràn ló já wọlé mi ní Agbowó, kò sì jẹ́ kí n sùn dáadáa fún ọjọ́ mélòó kan. Bí mo ṣe máa ń ṣe náà nìyẹn, ohun tó bá dùn mí ni mo máa ń bá yín sọ.

Ọmọ awo mi kan, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ló gbé iyẹ̀rẹ̀ Ifá lọ sí sítúdíò kan ní Bódìjà. Ó fi ìlù kọ̀ǹpútà sí i, òun fúnra rẹ̀ kọrin díẹ̀ lé e, ó sì jù ú sórí fóònù fún tẹrú-tọmọ. Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, orin náà ti dé etí àwọn awo ní Challenge àti Ring Road. Èmi tí mo jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan. Inú ọkọ̀ Micra ni mo wà ní ọjọ́ kan, mò ń lọ sí Dùgbẹ̀, ni awakọ̀ bá wo ojú mi nínú dígí, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ̀ ń kọrin yìí?" Mo tẹ́tí sí i. Èmi ni lóòótọ́. Ọmọ náà ti fi fóònù gba ohùn mi sílẹ̀ níbi ọ̀sẹ̀ Ifá, kò sì sọ fún mi. Ara mi gbóná débi pé mo sọ̀ kalẹ̀ ní Mọ́kọ́lá, mo sì fẹsẹ̀ rìn dé Dùgbẹ̀.

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ní kí n lé e dànù. Wọ́n ní ó ti sọ Ifá di ohun tí wọ́n ń jó sí nílé ọtí. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan kí n rò ó. Nínú ìrònú yẹn, ẹnì kan ni ọkàn mi ṣáà ń lọ sí, èyíinì ni Túnjí Oyèlànà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Ta ni Túnjí Oyèlànà?

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ìwòyí kò mọ orúkọ náà, bẹ́ẹ̀ sì ni ìlú Ìbàdàn yìí ló ti tàn. Wọ́n bí i ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá ọdún 1939. Akọrin ni, ó ń ṣe orin fúnra rẹ̀, òṣèré sì ni. Ó tún wà lára àwọn tó kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ níṣẹ́ eré ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ ń jẹ́ The Benders.

Kí ẹ tó lè mọ irú ẹni tó jẹ́, ó yẹ kí ẹ mọ irú ìlú tí Ìbàdàn jẹ́ nígbà náà. Ní 1959, tẹlifísàn àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ aláwọ̀dúdú bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Agodi. Ní 1961, àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ láàárín ìgboro. Ní 1962, Yunifásítì dá ilé-ẹ̀kọ́ eré orí ìtàgé sílẹ̀. Ní 1965, wọ́n kọ́ Cocoa House parí ní Dùgbẹ̀, àwọn èèyàn ń wá láti oko wá wò ó, wọ́n á gbé ojú sókè títí fìlà á fi já bọ́ lórí wọn. Owó kòkó ń wọlé, ìwé ń wọlé, orin sì ń jáde.

Àárín gbogbo èyí ni Wọlé Ṣóyínká ti kó àwọn ọ̀dọ́ jọ. Ó dá ẹgbẹ́ eré kan sílẹ̀ ní 1960, ó sì dá èkejì, Orisun Theatre, sílẹ̀ ní 1964. Oyèlànà wà lára àwọn ọmọ Orisun. Wálé Ògúnyẹmí, tó di ìlú-mọ̀ọ́ká nínú eré kíkọ, wà níbẹ̀. Jimi Ṣólàńkẹ́, ọ̀gá nínú ìtàn sísọ, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ògúnyẹmí ti lọ láti 2001. Ṣólàńkẹ́ sì wọ káà ilẹ̀ ní 2024. Bí àwọn àgbà yìí ṣe ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó yẹ kí ẹ̀rù máa bà wá.

Láti 1966 ni a ti rí orin Oyèlànà tó wà lórí àwo. Lẹ́yìn náà, tẹlifísàn gbé e wọ ilé gbogbo èèyàn. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi ò ní gbàgbé eré Sura the Tailor, níbi tí òun gan-an ti jẹ́ Sura, télọ̀ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń pa wá lẹ́rìn-ín. Ní 1983, nígbà tí ìjọba alágbádá ń ná owó bí ẹni ń da omi nù, Ṣóyínká gbé àwo orin kan jáde tó pè ní Unlimited Liability Company. Oyèlànà àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣe orin náà. Orin tí gbogbo ìlú mú nínú rẹ̀ ni I Love My Country, orin tó ń fi ìlú ṣe yẹ̀yẹ́ bí ẹni pé ó ń yìn ín.

Ìgbà wá yí padà. Ọ̀gágun Sani Abacha gba ìjọba ní 1993, Ṣóyínká sá kúrò nílùú ní 1994. Ní 1995, wọ́n ṣe eré Ṣóyínká tó ń jẹ́ The Beatification of Area Boy nílùú Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Oyèlànà sì wà nídìí orin eré náà. Bó ṣe di ará Lọ́ńdọ̀nù nìyẹn, ó di ẹni tó ń kọrin ilé ní ìdálẹ̀. Ní 2012, ilé-iṣẹ́ Soundway ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn orin rẹ̀ láti 1966 sí 1979 jọ, wọ́n tún wọn tẹ̀ jáde. Ẹ gbọ́ o, àwọn èèyàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kó o jọ. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn, mo máa padà sí i.

Ọjọ́ tí mo gbọ́ orin tó ń jẹ́ Ifá

Ó ní orin kan tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Ifá. Orin náà ni mo fi mọ̀ ọ́n.

Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ni mí nígbà náà, ní àwọn ọdún 1970. Bàbá mi ń dífá ní Agbowó, nígbà tí Agbowó ṣì ní oko àgbàdo lẹ́yìn ilé. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ni mo ń lọ. Lójọ́ kan, mò ń fọ abọ́ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mi ò mọ̀ pé mo ti ń kọ orin Ifá tí a kọ nílé lálẹ́ àná. Tíṣà kan gbọ́ mi. Ó nà mí ní ẹgba mẹ́fà níwájú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́, ó sì ní kí n sọ fún gbogbo wọn pé orin èṣù ni mò ń kọ. Mo sọ ọ́. Títí di òní olónìí, ẹgba yẹn kò dùn mí tó ọ̀rọ̀ tí mo fi ẹnu ara mi sọ.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ lẹ́yìn náà tí ìyá mi rán mi ní iṣẹ́ sí Dùgbẹ̀. Níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ta àwo orin, mo gbọ́ gìtá, mo gbọ́ ìlù, mo sì gbọ́ ẹnì kan tó ń pe Ifá. Kò pè é ní kọ̀rọ̀ o, láàárín ọjà ni, ní ọ̀sán gangan, àwọn èèyàn sì ń mi orí sí i. Mo dúró síbẹ̀ títí ẹni tó ń ta àwo fi bi mí bóyá mo fẹ́ rà á. Mo béèrè ẹni tó kọ ọ́, ó ní Túnjí Oyèlànà ni. Orúkọ yẹn ni mo fi dé ilé.

Aládùúgbò wa kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu àwo. Bàbá mi lọ jókòó síbẹ̀, ó ní kí wọ́n lu orin náà lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ń dúró kó bínú pé wọ́n ti fi gìtá sí ọ̀rọ̀ Ifá. Ohun tó sọ kò ju èyí lọ: "Ohùn rẹ̀ kò ba ọ̀rọ̀ jẹ́." Ó dìde, ó ń lọ sílé. Ó gba mí ní ọdún púpọ̀ kí n tó mọ̀ pé ìyìn tó ga jù tí bàbá mi ní lẹ́nu nìyẹn.

Bí orin rẹ̀ ṣe ń dúró

Mo ti tẹ́tí sí Oyèlànà fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún. Mi ò kọ́ orin níléèwé, iṣẹ́ Ifá ni mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sun iyẹ̀rẹ̀ mọ orin tó dúró àti èyí tó ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́. Ohun mẹ́rin ni mo rí nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Èkíní, ó mọ ibi tí wọ́n ti ń pọn omi. Òwe, àlọ́, orin ìbílẹ̀ tí àwọn ìyá àgbà ń kọ nídìí òṣùpá, ibẹ̀ ló ti ń bu orin rẹ̀. Ẹ wo bí àlọ́ ṣe rí: apàlọ́ á lé orin, àwọn ọmọ á gbè é. Ẹnì kan kì í dá a kọ. Iyẹ̀rẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Bí awo bá ń sun iyẹ̀rẹ̀, tó bá parí gbólóhùn kan, àwọn awo tó kù á dáhùn pé "hin." Hin yẹn kì í ṣe ariwo lásán. Ó túmọ̀ sí pé ohun tí o sọ tọ̀nà, máa bá a lọ. Bí ó bá ṣì í, wọn kò ní dáhùn, wọ́n á tún un ṣe fún un níbẹ̀. Orin tó bá ti ní lílé àti ègbè, ìlú lè fi ẹnu sí i, ohun tí ìlú bá sì ti fi ẹnu sí kì í tètè kú.

Èkejì ni ohùn. Èyí ni bàbá mi rí. Èdè wa ní ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀. Bí orin bá gbé ọ̀rọ̀ sókè níbi tó yẹ kó ti wálẹ̀, ọ̀rọ̀ á di nǹkan mìíràn. Nígbà tí àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ dé, wọ́n mú ohùn orin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ki ọ̀rọ̀ Yorùbá bọ inú rẹ̀ bí ẹni ń ki ẹsẹ̀ àgbàlagbà bọ bàtà ọmọdé. Àwọn tiwọn náà ló kọ́kọ́ rí i pé kò dára. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, bàbá bàbá Fẹlá, ṣe orin ìsìn tó tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀, ó sì lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1922, ó kọ mẹ́tàlélógójì sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Èmi kì í ṣe onígbàgbọ́, ṣùgbọ́n mo kí bàbá náà. Ẹni tó bá gba èdè wa là, tiwa ni. Nínú orin Oyèlànà, bí o bá pa gìtá àti ìlù tì, tí o sì fi ẹnu lásán sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, wàá rí i pé ọ̀nà kan náà ni orin àti ọ̀rọ̀ ń gbà.

Ẹ̀kẹta, orin rẹ̀ kì í jókòó lásán. Ẹni tó ti inú eré orí ìtàgé wá ni. Nínú eré, orin tí kò bá níṣẹ́ tó ń ṣe, wọ́n á gé e kúrò. Ó lè gbé ìtàn lọ síwájú, ó lè fi ọkàn ẹni hàn, ó lè tú àṣírí ọ̀dàlẹ̀. Ẹ̀yin awo, ṣé ẹ kò rí i pé bẹ́ẹ̀ náà ni orin Ifá? Lẹ́yìn ẹsẹ ni a máa ń kọ orin. Aláìsàn tàbí ẹni tó ń wá ọmọ tó wá dífá kò lè rántí gbogbo ẹsẹ. Ṣùgbọ́n orin kékeré tí a bá kọ ní ìparí, á bá a dé ilé, á bá a dé ìdí ààrò. Orin ló ń gbé ìmọ̀ràn Ifá rìn.

Ẹ̀kẹrin, ó ń sọ òtítọ́, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí i. Ṣóyínká ló kọ ọ̀rọ̀ I Love My Country, ṣùgbọ́n ẹnu Oyèlànà ni ìlú ti gbọ́ ọ. Ẹni tó bá pariwo lé olè lórí, olè á sá. Ẹni tó bá fi olè ṣẹ̀fẹ̀ títí gbogbo ọjà fi bú sẹ́rìn-ín, olè yóò wà níbẹ̀, ojú á sì tì í. Àwọn awo tó mọ Ọ̀sá Òtúrá mọ ohun tí Ifá sọ lórí òtítọ́, n kò ní tún un sọ níhìn-ín. Mo kàn fẹ́ kí ẹ rí i pé òtítọ́ lè wọ aṣọ ijó.

Kásẹ́ẹ̀tì bàbá mi

Níbi tí mo dé yìí, ó yẹ kí n dákẹ́ kí n sì kan ọmọ awo mi lábùkù. Ṣùgbọ́n Ifá tí mo ń sìn kò fẹ́ irọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Ní 1984, ẹ̀gbọ́n mi kan fi kásẹ́ẹ̀tì gba ohùn bàbá wa sílẹ̀ ní alẹ́ ọdún Ifá. Ojú kásẹ́ẹ̀tì méjèèjì kún fún iyẹ̀rẹ̀. Bàbá mi lọ sálákeji ní 1991. Kásẹ́ẹ̀tì náà wà nínú agolo lórí pẹpẹ mi. Ní 1996, a ń sọmọ lórúkọ nílé mi. Ẹni tó ń lu orin fún wa ń wá kásẹ́ẹ̀tì tí yóò fi gba fújì kan tí wọ́n ń kọ lórí rédíò. Mo na ọwọ́ sí pẹpẹ, mo mú ti bàbá mi fún un. Mo mọ èyí tí mo mú. N kò lè sọ pé n kò mọ̀. Mo ní nínú ọkàn mi pé mo ti mọ gbogbo iyẹ̀rẹ̀ náà lórí, kí ni mo tún fẹ́ fi kásẹ́ẹ̀tì ṣe?

Ìṣẹ́jú kan péré ló ṣẹ́kù ní ìparí ojú kejì. Ikọ́ bàbá mi wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà àwọn awo dáhùn hin, ó tán. Ọ̀rọ̀ iyẹ̀rẹ̀ ni mo mọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí bàbá mi ṣe máa ń fa ohùn ní ibì kan, tí á sì jẹ́ kó wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń sọ ẹrù kalẹ̀, mo rò pé ìyẹn ti lọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí mo gbọ́ orin ọmọ náà nínú Micra, oorun kò kùn mí. Mo ní kí ọmọ mi bá mi ṣí i lórí fóònù. Lábẹ́ gbogbo ìlù kọ̀ǹpútà yẹn, mo gbọ́ ohùn mi. Nínú ohùn mi, mo gbọ́ ibi tí bàbá mi ti máa ń fa ohùn. Ó wà níbẹ̀. N kò mọ̀ pé mo ń ṣe é. Ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi pa rẹ́ ní 1996, ọmọ tí wọ́n ní kí n lé dànù ló bá mi fi pamọ́, láìmọ̀.

Àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kó orin Oyèlànà jọ ní 2012. UNESCO ló kéde ní 2005 pé Ifá wà lára ohun iyebíye gbogbo ayé. A yọ̀, a jó. Ṣùgbọ́n UNESCO kọ́ ló máa bá wa tọ́jú kásẹ́ẹ̀tì tó wà lórí pẹpẹ wa.

Ohun tí a sọ fún ọmọ náà

A pàdé ní ilé mi. Mo sọ fún àwọn àgbà pé n kò ní lé e, ṣùgbọ́n ẹ̀bi rẹ̀ pọ̀, ẹ̀bi náà kì í sì í ṣe pé ó fi ìlù sí Ifá. Ifá kò kọ ìlù. Àgbá, àràn àti agogo ni a fi ń jó Ifá láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Bí Oyèlànà bá lè fi gìtá pe Ifá ní Dùgbẹ̀ tí bàbá mi kò bínú, èmi kò ní mọ̀ jù bàbá mi lọ.

Ẹ̀bi rẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé kò tọrọ. Ẹ̀bi kejì ni pé ó gbé gbólóhùn mẹ́ta tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìta sínú orin náà. Ẹ̀yin tí ẹ ti tẹ Ifá mọ ohun tí mò ń sọ.

Ẹ̀bi kẹta ló pa gbogbo ilé lẹ́rìn-ín. Níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti kọrin, ó fẹ́ ké pe orí rẹ̀ kó gbè é. Ṣùgbọ́n ohùn orin rẹ̀ wálẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, orí di òrí. Ìyá awo kan bi í pé, "Ọmọ mi, ta ló fẹ́ fi òrí pa ara? Ṣé ọyẹ́ ń mú ọ ni?" Ọmọ náà lu orin náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó gbọ́ ọ, ó fi ọwọ́ bo ojú. Ọ̀rọ̀ tí bàbá mi sọ nípa Oyèlànà nìyẹn, òdì kejì rẹ̀ ni.

Ẹ̀bi kẹrin ló tóbi jù. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Odù Ifá jẹ́ igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, ẹsẹ inú wọn kò lóǹkà. Kí ẹsẹ tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, yóò kọ́kọ́ dárúkọ awo tó dá Ifá náà, yóò sì sọ ẹni tí wọ́n dá a fún. Àwọn awo yẹn ti lọ tipẹ́tipẹ́, a ò mọ sàréè wọn, ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ ni a ń dárúkọ wọn. Ifá kì í jẹ oúnjẹ ẹlòmíràn kó má sọ ẹni tó sè é. Ọmọ tó bá kọ Ifá tí kò dárúkọ ẹni tó gbé e lé e lọ́wọ́, ìdajì ni ó kọ.

A bu ìtanràn fún un: obì, orógbó, àti igò ọtí kan. Ó yọ orin náà kúrò lórí fóònù kó lè tún un ṣe. Àgbà kan láti ìhà Ring Road kò fara mọ́ ìdájọ́ yìí. Ó ní mo ti ṣí ilẹ̀kùn tí n kò ní lè tì mọ́. Ó gbé fìlà rẹ̀, ó jáde, kò sì gbé fóònù mi láti ọjọ́ náà. Ọ̀rẹ́ ogójì ọdún ni wá. N kò ní parọ́ fún yín pé kò dùn mí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló tọ̀nà. Mo ṣì ń pè é.

Nígbà tí gbogbo èèyàn lọ tán, ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin náà ẹ wá." Mo lọ. Ní ọjọ́bọ̀ tó kọjá, èmi àgbàlagbà yìí jókòó nínú yàrá kékeré kan ní Bódìjà, wọ́n fi nǹkan bò mí létí méjèèjì bí awakọ̀ òfuurufú. Mo júbà Olódùmarè, mo júbà Ọ̀rúnmìlà, mo júbà bàbá mi, mo dárúkọ rẹ̀ pé pérépéré, mo dárúkọ ẹni tó kọ́ ọ àti ìlú tó ti wá. Lẹ́yìn náà mo sun iyẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì tí wọn kò mọ Ifá rárá ló ń dá mi lóhùn. Mo ti kọ́ wọn ní hin kí a tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí bàbá mi ti máa ń fa ohùn, mo fà á, mo sì mọ̀ pé mò ń fà á.

Ọ̀rọ̀ mi sí yín

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ máa fi Ifá kọrin, ẹ wá iṣẹ́ Túnjí Oyèlànà lọ, ẹ jókòó tì í. Ẹ tọrọ kí ẹ tó mú. Ẹ fi ẹnu lásán sọ ọ̀rọ̀ orin yín kí ẹ tó fi ohùn sí i, kí orí yín má baà di òrí. Ẹ fún orin níṣẹ́ ṣe. Ẹ dárúkọ ẹni tó kọ́ yín.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má ṣe rò pé ohun tí ẹ mọ̀ lórí ti tó. Ẹ̀yin tí ìyá àgbà tó mọ orin àlọ́ tàbí bàbá tó mọ oríkì ṣì wà nílé yín, fóònù wà lọ́wọ́ yín. Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ òní. Kí wọ́n sọ orúkọ wọn, ẹni tó kọ́ wọn, àti ọjọ́ tí a wà. Kí ẹ sì fi pamọ́ síbi tí àwọn olórin ọjọ́ ìkómọ kò ti ní rí i.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bí ẹ̀mí bá wà, a ó padà sórí àkọsẹ̀jayé.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.